Ṣé O Mọ̀? Ilé Ará Abúlé Ni Wọ́n Ti Ń Gba Ìwòsàn Nígbà Kan

Nígbà kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1954, àwọn aláìsàn ọpọlọ kan tó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, l'Abẹ́òkúta, kì í sùn ní wọ́ọ̀dù. Ilé àwọn àgbẹ̀ tó wà ní abúlé ìtòsí ni wọ́n ń gbé. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ló gbé ètò náà kalẹ̀, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Nígbà náà, aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn ní láti bá a wá, kó máa se oúnjẹ rẹ̀, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyí, nítorí àìsàn ọpọlọ bí ìsoríkọ́ a máa yọ èèyàn kúrò láàárín ẹgbẹ́ àti ará.

Lónìí, ẹni tí ìsoríkọ́ bá ń bá fínra ní Ifákọ̀, l'Ékòó, lè lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, kó sì padà sùn sílé rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un lóògùn, kó má tètè jáwọ́ o. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí oògùn ìsoríkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára.