Àjẹsára, Ààbò Àbínibí àti Olobó: Èdè-Ìperí fún Mólékù Àtọwọ́dá tí ń Jí Ààbò Ara

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣe ń ṣe mólékù tí ń jí ààbò àbínibí ara ènìyàn, ó sì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá lè fi pe irú mólékù bẹ́ẹ̀ wò. Ó fi hàn pé àjẹsára, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, kò gbé ìtumọ̀ náà, àti pé ìyàtọ̀ tó ti wà nílẹ̀ láàrin èdè àbínibí àti èdè àkọ́kúntẹni lè ràn wá ọ̀nà àbáyọ lọ́wọ́.

1.0 Ìfáárà

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olótùú apá kejì ní 1990, pèsè ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ààbò ara kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àlàyé rẹ̀ máa ń dá lé: àjẹsára. Ọ̀rọ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n ó da ohun méjì tó yàtọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, àìgbọ́yé sì lè ti ibẹ̀ wá.

2.0 Ààbò méjì tí ara ní

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ, sí àti ọ̀rọ̀-orúkọ ara ni ó para pọ̀ di àjẹsára, lẹ́yìn tí ìpajẹ fáwẹ́lì ti wáyé láàrin sí àti ara. Ohun tí ènìyàn jẹ sí ara ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí fi hàn pé láti ìta ni ààbò náà ti wọlé.

Ṣùgbọ́n ara ní ààbò kan tí wọ́n bí mọ́ ọn. Kò nílò láti kọ́ kòkòrò kọ̀ọ̀kan. Àbùdá tó wọ́pọ̀ lára ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí ló ń wá, láàrin wákàtí díẹ̀ ló sì ń dìde. Ààbò kejì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ọjọ́ mélòó kan ni ó fi ń mọ ọ̀tá rẹ̀ dájú, kì í sì í tètè gbàgbé rẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ìyàtọ̀ yìí nínú ẹ̀kọ́ èdè. Bí èdè àbínibí ṣe yàtọ̀ sí èdè àkọ́kúntẹni, bẹ́ẹ̀ ni ààbò àbínibí ṣe yàtọ̀ sí ààbò àkọ́kúntẹni. Ìfiwéra náà tún bá ohun tí Charles Janeway sọ ní 1989 mu: ààbò tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kì í dìde dáadáa àfi bí ti àbínibí bá kọ́kọ́ ta á lólobó.

3.0 Olùgbà Toll àti ohun tí ó ń dá mọ̀

Lára sẹ́ẹ̀lì ààbò àbínibí ni àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídá àbùdá kòkòrò mọ̀. Olùgbà Toll ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìyanu ni toll nínú èdè Jámánì; jíìnì kan lára eṣinṣin èso ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ. Ní 1996, Jules Hoffmann àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jíìnì náà ń dáàbò bo eṣinṣin lọ́wọ́ olú tí ń fa àrùn. Ní 1998, Bruce Beutler àti àwọn tirẹ̀ fi hàn lára èkúté pé olùgbà Toll kẹrin ni ó ń dá májèlé awọ bakitéríà mọ̀. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011. Nítorí pé orúkọ náà kò tọ́ka iṣẹ́ olùgbà, tí olùtumọ̀ tó bá sì kà á sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ ọ́ di owó ibodè, àyálò ló yẹ ẹ́ jùlọ.

3.1 Lípídì A

Nínú awọ ìta ọ̀pọ̀ bakitéríà ni lípídì A wà. Ti Escherichia coli ní ṣúgà méjì, fọ́síféètì méjì àti ìrù ọ̀rá mẹ́fà. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara á gbóná, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn á já wálẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí. Àwọn onímọ̀ rí i pé bí wọ́n bá yọ fọ́síféètì kan kúrò, ìpalára rẹ̀ á dín kù gidigidi, síbẹ̀ olobó tí ó ń ta á ṣẹ́ kù. Irú èyí ni MPL, tí wọ́n ń mú jáde láti ara Salmonella. Ó wà nínú abẹ́rẹ́ ibà RTS,S, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì ní 2019. GLA ní tirẹ̀ jẹ́ àtọwọ́dá pátápátá: fọ́síféètì kan, ìrù mẹ́fà.

Bí ìrù bá ku mẹ́rin, ọ̀rọ̀ yí padà. Lípídì IVa, oní-ìrù mẹ́rin, ń dí olùgbà ènìyàn létí, bẹ́ẹ̀ ó ń ta ti èkúté lólobó. Irú ìyàtọ̀ kékeré tó ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá yìí kò ṣàjèjì sí onímọ̀ èdè: igba, igbá àti ìgbà ní kọ́ńsónáǹtì kan náà àti fáwẹ́lì kan náà, ohùn ló yà wọ́n.

3.2 CpG

Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ DNA: A, C, G àti T. Ní 1995, Arthur Krieg àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé níbi tí C bá ti ṣáájú G, tí C náà kò sì gbé àmì mẹ́táìlì, ààbò ara máa ń jí. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú DNA bakitéríà. Nínú ti ènìyàn ó ṣọ̀wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì gbé àmì. Bí wọ́n bá yí ètò lẹ́tà méjèèjì padà, tàbí tí wọ́n fi àmì sórí C, olobó náà á pa rẹ́.

Lórí èyí ni wọ́n ti ṣe CpG 1018, mólékù àtọwọ́dá tó ní lẹ́tà 22. Kí ẹ́ńsáìmù má baà tètè gé e, wọ́n fi imí ọjọ́ rọ́pò ọ́síjìn kan ní oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wà nínú Heplisav-B, abẹ́rẹ́ àrùn mẹ́dọ̀wú B fún àgbàlagbà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017. Ẹ̀ẹ̀mejì láàrin oṣù kan ni wọ́n ń gbà á, nígbà tí ti àtijọ́ ń gba ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin oṣù mẹ́fà. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tún ní ohun tí ó bá etí rẹ̀ mu, bí ẹni pé ẹ̀ka-èdè ni: GTCGTT ni olùgbà ènìyàn ń tètè dáhùn sí, GACGTT ni ti èkúté. Ohun tó ṣiṣẹ́ lára èkúté lè má ṣiṣẹ́ lára ènìyàn.

Ìfiwéra yìí ní òpin. Nínú èdè, àdéhùn àwọn elédè ló so ìró pọ̀ mọ́ ìtumọ̀; nínú ara, ìrísí mólékù àti ìrísí olùgbà ló gbọ́dọ̀ bára mu. Olùgbà kò lóye ohunkóhun.

4.0 Yíyan ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ṣeé gbé yẹ̀ wò fún àwọn mólékù wọ̀nyí. Àjẹsára kọ́kọ́ kùnà, nítorí pé mólékù náà kì í ṣe ààbò fúnra rẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń jẹ, bí ó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń yó ni. Mólékù yìí, bí ó bá pọ̀ jù, ara tí ó yẹ kí ó gbà là ni yóò bà jẹ́. Ìkejì ni amárají, láti ara a-, mú, ara àti jí. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rántí pé ara rẹ̀ jí pépé, yóò sì rò pé oògùn agbára ni. Ìkẹta ni atanilólobó, láti ara ta ni lólobó. Ẹni tó tani lólobó kì í bá ni jà. Onílé ló ń jà. Olobó ẹ̀ẹ̀kan sì tó. Bí ó bá di igbe àṣejù, ilé á dàrú. Ọ̀rọ̀ yìí ló sún mọ́ iṣẹ́ mólékù náà jùlọ. Èyí tí ń ṣe òdìkejì rẹ̀, bíi lípídì IVa lára ènìyàn, lè jẹ́ adínilétí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó nílò ìṣọ́ra. Ibà ni Yorùbá ń pe àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà. Ibà náà ni wọ́n tún ń pe ara gbígbóná. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ pé abẹ́rẹ́ ibà lè mú ibà wá, ìyá ọmọ lè gbọ́ pé abẹ́rẹ́ náà ló ń fa àìsàn tí wọ́n ní yóò dènà, kí ó má sì gbé ọmọ padà wá. Ara gbígbóná ni ó yẹ kó sọ, kí ó sì fi kún un pé ààbò ara tó gbọ́ olobó ló sábà máa ń fà á.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí dábàá ààbò àbínibí, ààbò àkọ́kúntẹni, atanilólobó àti adínilétí, ó sì fi àjẹsára sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ lódindi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ti ń lò ó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí gbòǹgbò rẹ̀ ti òkèèrè wá. Àwọn èdè mìíràn ní agbègbè yìí tí orúkọ kan ti ń jẹ́ ti ibà àti ti ara gbígbóná lè bá irú ìṣòro kan náà pàdé. Ìwádìí lórí wọn yóò fi hàn bóyá ọ̀nà tí Yorùbá gbà yóò bá wọn mu.