Kliptown ní Soweto: Báwo ni òtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ mẹ́rin ṣe dojú kọ àwọn ilé tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Ojú irin rélùwéè ló pín Kliptown, ládùúgbò Soweto nílùú Johannesburg, sí méjì.

Lápá kan, wọ́n kọ́ gbàgede ńlá kan síbẹ̀ pẹ̀lú ilé ìtajà àti òtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ mẹ́rin. Lápá kejì, àwọn ilé onípáànù ló fara kanra. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà, tí wọ́n sì jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká tó wà ní ìta gbangba.

Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Ìdí nìyí táwọn olùgbé ibẹ̀ fi ń béèrè láti ọ̀pọ̀ ọdún pé: ta gan-an ni wọ́n ń tún àdúgbò yìí ṣe fún?

Kí ló sọ Kliptown di ìlú-mọ̀ọ́ká?

Kliptown wà lára àwọn apá tó pẹ́ jù ní Soweto. Láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àwọn èèyàn dúdú, àwọn ará Íńdíà àtàwọn tí ẹ̀yà wọn pa pọ̀ ló ń gbé níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Lọ́jọ́ 25 àti 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1955, nǹkan bí 3,000 aṣojú láti gbogbo South Africa péjọ sórí pápá kan níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní Freedom Charter, èyí tó sọ irú orílẹ̀èdè tí wọ́n fẹ́. Nelson Mandela àti Walter Sisulu ò lè jókòó láàárín èrò torí pé ìjọba ti fòfin dè wọ́n. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń wo ohun tó ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀.

Lára ohun tí ìwé náà ṣèlérí ni pé gbogbo èèyàn ló máa ní ilé tó dára láti gbé. Òfin ilẹ̀ South Africa tọdún 1996 sì mú ọ̀pọ̀ èrò látinú rẹ̀.

Àtúnṣe wo ló dé síbẹ̀?

Ní 2005, tí ìpàdé náà pé àádọ́ta ọdún, Ààrẹ ìgbà náà, Thabo Mbeki, wá sí Kliptown fún ayẹyẹ ìrántí. Wọ́n ti sọ pápá náà di gbàgede ìgbàlódé, wọ́n sì fi orúkọ Walter Sisulu, tó kú lọ́dún 2003, pè é. Òpó mẹ́wàá ló dúró níbẹ̀ fún ìlérí mẹ́wàá tó wà nínú Freedom Charter.

Àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú Johannesburg ló bójú tó iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2007, wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede ọ̀hún. Ọdún yẹn kan náà ni Mandela ṣí Maponya Mall, ilé ìtajà ńlá tí gbajúmọ̀ oníṣòwò Richard Maponya kọ́ sí Soweto.

Èrò ìjọba ni pé bí àwọn arìnrìnàjò afẹ́ bá ń wá, owó àti iṣẹ́ máa tẹ̀lé wọn.

Kí làwọn olùgbé ń sọ?

Ohùn wọn ò ṣọ̀kan. Àwọn kan rí i bí iyì pé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò. Àwọn tó ń ta iṣẹ́ ọnà náà mọ̀ pé ọkọ̀ àlejò kan ṣoṣo lè mú owó oúnjẹ ọjọ́ náà wọlé.

Àmọ́ ohun tó ń dun àwọn mìíràn ni ètò tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní owó wà láti gbé òpó dúró fún ìlérí ilé, ṣùgbọ́n ilé fúnra rẹ̀ ò dé. Léraléra ni wọ́n ti fẹ̀hónú hàn, tí wọ́n sì dí ojú pópó, lórí ọ̀rọ̀ ilé àti iná mànàmáná.

Ẹ̀rù tún ń ba àwọn kan pé bí àtúnṣe bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n lè kó wọn lọ síbi tó jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn kan ò dúró de ìjọba. Lọ́dún 2007, àwọn ọ̀dọ́ dá Kliptown Youth Program sílẹ̀ ní apá tí ilé onípáànù wà, láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì máa fún wọn lóúnjẹ. Iṣẹ́ yìí ló mú kí CNN dá Thulani Madondo, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, lọ́lá ní 2012.

Ṣé ìjọba lè kàn lé wọn kúrò?

Rárá. Abala 26 nínú òfin ilẹ̀ South Africa sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé èèyàn kúrò nílé rẹ̀ láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Lọ́dún 2000, nínú ẹjọ́ Grootboom, ilé ẹjọ́ tó ń rí sọ́rọ̀ òfin ilẹ̀ náà pàṣẹ pé ìjọba gbọ́dọ̀ ní ètò fún àwọn tí kò ríbi fi orí pamọ́ sí rárá.

Àwọn tó mọ ìtàn Maroko nílùú Èkó máa mọ ohun tí irú ààbò bẹ́ẹ̀ já mọ́. Ní oṣù Keje, ọdún 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò náà, nǹkan bí 300,000 èèyàn sì di aláìnílé. Lónìí, ilé olówó ńlá ló wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún.

Wọn ò tíì lé àwọn ará Kliptown bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tiwọn ni pé àtúnṣe dé ẹ̀gbẹ́ wọn, kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí ló kàn báyìí?

Ní oṣù Keje, ọdún 2021, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé bí wọ́n ṣe fi Ààrẹ àná Jacob Zuma sẹ́wọ̀n, àwọn jàǹdùkú ya wọ gbàgede Walter Sisulu. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì ba ibẹ̀ jẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 2024, UNESCO fi gbàgede náà kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, pẹ̀lú àwọn ibòmíràn tó jẹ mọ́ ìjàkadì Mandela.

Orúkọ ńlá yìí lè mú owó àtúnṣe mìíràn wá. Kò sí ẹni tó ń sọ ní Kliptown pé òun ò fẹ́ ìdàgbàsókè. Àmọ́ Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí àwọn tó wà lódìkejì ojú irin ń béèrè ni pé kí omi, iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́kọ́ dé inú ilé wọn, kí wọ́n tó tún gbàgede ṣe fún àlejò lẹ́ẹ̀kejì.