Èèpo Ẹ̀gẹ́ àti Wàrà Màlúù

Ọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan lójú ẹni tí ń gbé Bódìjà tàbí Ring Road, tí ó jẹ́ pé inú àpò ọlọ́jà ni ó ti ń pàdé gààrí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí kọjá yóò rí òkìtì èèpo tí ó ti rà, òórùn rẹ̀ yóò sì ti ṣáájú kí i káàbọ̀. Bí a bá bó ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 10, èèpo rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 2, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọ̀bẹ ẹni tí ń bó o bá ń wọlé jinlẹ̀. Nàìjíríà ni ó sì ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ẹ wo irú èèpo tí à ń dáná sun, àti èyí tí à ń fi sílẹ̀ kí ó jẹrà!

Ní àkókò kan náà, ebi ń pa màlúù. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, koríko a gbẹ, àwọn darandaran a máa da ẹran wọn lọ sí ibi tí ewé tútù bá kù sí, oko olóko ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa ìjà tí èyí ti dá sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá. Ní ọdún 2019, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tí ó ká ìdaran-kiri lọ́wọ́ kò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé oúnjẹ síwájú ẹran. Màlúù tí a bá so mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun.

Ikùn màlúù yàtọ̀ sí tiwa. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín sí, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn sì dà bí ìkòkò tí ògì ń kan nínú rẹ̀. Àìmọye kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ni ó ń sọ koríko, pòròpórò àgbàdo àti èèpo di agbára. Ohun tí ènìyàn kò lè jẹ ni màlúù ń jẹ, tí ó sì ń fi wàrà san án padà.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ‘Ṣebí láti ayébáyé ni ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́?’ Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi olówó ewúrẹ́ léèrè bóyá gbogbo wọn ni ó ń jẹ ẹ́ tí ó ń yè é. Ẹ̀gẹ́ ní oró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì, inú èèpo ni ó sì pọ̀ sí jù. Bí a bá sá èèpo sóòrùn, oró náà ń dínkù, ṣùgbọ́n ó ń gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà òjò ńkọ́? Èébú a bò ó kí ó tó gbẹ.

Ìlú Ìbàdàn níbí ni a ti rí ojútùú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2015, àwọn onímọ̀ láti àjọ tí ń ṣe ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, ILRI, àti IITA, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní ọdún 1967, fi irinṣẹ́ gààrí gan-an dán èèpo wò. Wọ́n ṣa igi àti ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, wọ́n rìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi jáàkì fún omi rẹ̀ mọ́jú, wọ́n tú u, wọ́n kù ú, wọ́n sì sá a tàbí kí wọ́n yan án nínú agbada. Rírìn náà ni àṣírí iṣẹ́ yìí, nítorí òun ni ó ń fọ́ inú èèpo tí oró fi ń rí ọ̀nà jáde. Omi a gbé apá kan lọ, afẹ́fẹ́ àti ooru a gbé ìyókù. (Omi tí a fún náà kò gbọdọ̀ ṣàn wọ odò o.) Sísá tí ó ń gba ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ bí oòrùn bá mú. Èèpo tútù tọ́ọ̀nù 3 ni ó ń di oúnjẹ gbígbẹ tọ́ọ̀nù 1. Èyí tí ó kúnná jẹ́ ti adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tí kò kúnná jẹ́ ti màlúù àti àgùntàn.

Ẹni tí ó fẹ́ wàrà kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀. Agbára ni èèpo ń fún màlúù. Purotéènì inú rẹ̀ kò sábà ju 5 nínú 100 lọ, nígbà tí àdàlù oúnjẹ abo màlúù tí ń fún wàrà ń fẹ́ tó 14 sí 16. A ní láti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn: ìyókù ẹ̀kùrọ́ tí a ti fún àdín rẹ̀ tán, tàbí ìyókù ọkà láti ilé iṣẹ́ ọtí bíà, èyí tí Ìbàdàn ti ní láti ọdún 1982. Kódà èèpo ẹ̀wà tí àwọn alákàrà Agbówó ń dà nù láràárọ̀ wúlò. Díẹ̀díẹ̀ sì ni kí a fi kọ́ màlúù. Oúnjẹ oníṣítáàṣì tí ó bá dé lójijì a máa kan nínú ikùn rẹ̀, ó sì lè pa á.

Ọ̀rọ̀ èébú ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Oró àfílátọ́ksììnì tí èébú ń pèsè sínú oúnjẹ ẹran kì í parí sínú màlúù; ó ń bá wàrà jáde, ọmọdé a sì mu ún. Nítorí náà, èèpo tí ó bá ti hu èébú, kí a dà á nù, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Màlúù funfun àwọn Fúlàní kì í sábà fún olówó rẹ̀ ju lítà kan tàbí méjì lọ lójúmọ́. Oúnjẹ ọ̀gbẹlẹ̀ wà lára ohun tí ó fà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran màlúù náà kò lè ṣe bí ti Yúróòpù. Láti ọdún 2010 ni ilé iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran ìpínlẹ̀ yìí. Ọjà wà fún èyí tí ó bá lé sí i.

Owó ọkọ̀ ni ìṣòro tí ó kù. Omi ni ó pọ̀ jù nínú èèpo tútù, ẹni tí ó bá sì fi ọkọ̀ kó o láti abúlé wá sí Challenge, owó omi ni ó ń san. Ibi tí a ti bó o ni kí a ti rìn ín kí a sì ti sá a, lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ, jáàkì àti agbada nílẹ̀, kí ó jẹ́ pé àpò gbígbẹ nìkan ni ọkọ̀ yóò máa gbé.