Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Ń Já Bọ́ Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ọ̀tì tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ara kẹ̀kẹ́ kọ́ ló kó inú họ́ọ̀bù pọ̀? Nọ́ọ̀tì ńlá méjì tí à ń fi sípánà tú níta, iṣẹ́ tiwọn ò ju pé kí ẹsẹ̀ má yọ lọ. Tú wọn, fa ẹsẹ̀ jáde, wàá rí nọ́ọ̀tì mìíràn tó pẹlẹbẹ lọ́tùn-ún àti lósì. Ìyẹn ló há kóònù mọ́ àyè rẹ̀, kóònù ló sì há bíárìn mọ́ inú họ́ọ̀bù. Họ́ọ̀bù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kì í já nǹkan kan sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá jáde, àfi wáṣà ìta. Nítorí náà, bí ọ̀pá àárín bá ń sún síbí sún sọ́hùn-ún, tí irin róbótó kan sì bọ́ sílẹ̀, tó yí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ìwọ kọ́ lo bà á jẹ́. Nọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ ti tú látọjọ́ pípẹ́, nọ́ọ̀tì ńlá ló ń bò ó láṣìírí.

Ìhà òsì ni kí o kọ́kọ́ wò. Eyín ṣéènì bo ti ọ̀tún mọ́lẹ̀, òsì sì ni ẹni tó bá fẹ́ tún họ́ọ̀bù tò ti máa ń ṣe é. Ibi tí sípánà ń dé lójoojúmọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dẹ̀. Kí o tó tú ohunkóhun pàápàá lo ti lè mọ̀: di táyà mú lókè, mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń fì, tó ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀ láti àárín, tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí o tó mú sípánà.

Ṣé o mọ iye bíárìn tó yẹ kó jáde? Nínú ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tí bíárìn rẹ̀ kò sí nínú àgò, mẹ́sàn-án ló wà lọ́tùn-ún, mẹ́sàn-án lósì, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 6.35 mm. Ti iwájú kéré jù bẹ́ẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́, torí náà má ṣe jẹ́ kí tiwájú tẹ̀yìn dà pọ̀ nínú agolo kan. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé bí mẹ́sàn-án náà bá jókòó tán, àyè díẹ̀ á ṣì kù, bíi pé ẹnì kan kò tíì dé. Kò sí ẹni tí à ń retí. Àyè yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n yí láìfara gbo ara wọn. Fi ìkẹwàá dí i, kí o wo bí họ́ọ̀bù yóò ṣe le gbagidi.

Bí ọ̀kan bá sọnù ńkọ́? Ra tuntun méjìdínlógún. Mo mọ̀ pé wọn á ní kí o mú ọ̀kan láti inú họ́ọ̀bù àlòkù tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bíárìn kì í wọ́n, àgbà bíárìn sì ti jẹ díẹ̀ lára. Tí o bá da tuntun kan mọ́ ògbólógbòó mẹ́jọ, òun ló máa tóbi jù, òun nìkan ni yóò sì máa ru ẹrù gbogbo wọn. Èyí tó bá sá wọ inú iyanrìn, mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ á wá a rí, nítorí irin ni. Nígbà tí o bá ń tò wọ́n padà, fi gíríìsì tuntun sí ihò náà dáadáa, kí o máa tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gíríìsì náà ni yóò dì wọ́n mú tí o fi máa ti ọ̀pá àárín bọ̀ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé irin róbótó wọ̀nyí ti wà kí kẹ̀kẹ́ tó dé? Ní 1794, Philip Vaughan ti Carmarthen ní Wales gba ìwé àṣẹ lórí lílo wọn nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin. Ní 1869, Jules Suriray ní Paris gba tirẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, James Moore, ará Gẹ̀ẹ́sì, gun kẹ̀kẹ́ tó ní bíárìn nínú eré ìje láti Paris dé Rouen, nǹkan bí 123 km, òun ló sì gbé ipò kìíní. Ìṣòro tó kù ni bí irin ṣe máa róbótó lọ́gbọọgba. Friedrich Fischer ló yanjú ìyẹn ní Schweinfurt, ní Jámánì, ní 1883, nígbà tó ṣe ẹ̀rọ tó ń lọ̀ wọ́n lọ́pọ̀ yanturu. Ìlú kékeré yẹn náà ni Ernst Sachs ti gbé họ́ọ̀bù Torpedo jáde ní 1903, èyí tó ń dúró bí o bá tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn.

Họ́ọ̀bù irú ti Sachs yìí ní nǹkan kan tí ènìyàn sábà máa ń gbàgbé. Apá irin pẹlẹbẹ kan wà ní ìhà òsì rẹ̀, tí wọ́n fi ìdè irin kékeré so mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìdè yẹn ni kí o kọ́kọ́ tú kí ẹsẹ̀ tó lè jáde, òun náà sì ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù sílẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé padà. Bí apá náà kò bá rí ibi dìmú, ọ̀pá àárín ni yóò máa yí nígbà tí o bá tẹ bíréèkì.

Ṣé o mọ̀ pé sípíríǹgì méjì tó máa ń fò jáde lára kẹ̀kẹ́ tí à ń fi lẹ́fà tú kò di nǹkan kan mú? Ọ̀pá tín-ín-rín kan tó tó 5 mm ló gba inú ọ̀pá àárín kọjá, lẹ́fà lápá kan, nọ́ọ̀tì lápá kejì, sípíríǹgì ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ya lẹ́fà àti nọ́ọ̀tì sọ́tọ̀ kí ẹsẹ̀ lè tètè wọlé. Bí wọ́n bá sọnù, kẹ̀kẹ́ á ṣì rìn. Bí o bá fi wọ́n síbi tó lòdì ni ewu wà: ẹnu wọn tó kéré ló ń kọjú sí họ́ọ̀bù, èyí tó fẹ̀ síta. Ẹnu tó fẹ̀ lè há sáàárín irin, kí lẹ́fà má sì lè dì dáadáa.

Tullio Campagnolo, ará Ítálì tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Vicenza ní 1933, ni wọ́n ń fi lẹ́fà yìí ṣe ìrántí rẹ̀. Wọ́n ní òtútù orí òkè Croce d'Aune ló mú un lọ́wọ́ nínú eré ìje kan ní 1927, tí kò fi lè tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, ìyẹn ló sì mú kó ronú kan lẹ́fà. Ìtàn náà dùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí òótọ́ dùn lọ, ṣùgbọ́n lẹ́fà náà wúlò.

Èyí tó jọ mí lójú jù: bí o bá ti lẹ́fà, ọ̀pá àárín tó jẹ́ irin líle máa ń fún pọ̀ díẹ̀, kóònù á sì sún mọ́ bíárìn. Nítorí náà, họ́ọ̀bù tí o tún tò lórí bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ fì díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bó bá ti yí geere láìfì níta, yóò há nígbà tó bá wọ inú kẹ̀kẹ́.

Bó bá jẹ́ Raleigh àtijọ́ tó ní jíà mẹ́ta ni, ṣéènì kékeré kan máa ń yọ láti inú ọ̀pá àárín ní ìhà ọ̀tún. Họ́ọ̀bù Sturmey-Archer ti Nottingham ni. Fi ìka tú ṣéènì yẹn kí o tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ tàbí kó já. Nígbà tó bá ń padà, fi ìka dì í títí dé ìdí, kí o wá tú u sẹ́yìn, kó má ju ìdajì ìyípo lọ, kó lè kọjú sí wáyà.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pá àárín lè ti kán sí méjì, kí o sì ṣì máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà? Nínú họ́ọ̀bù tí wọ́n yí fíríwíìlì mọ́ níta, bíárìn ọ̀tún jìnnà sí ara kẹ̀kẹ́, nítorí eyín ṣéènì ló gba àyè náà. Ibi gígùn tí kò ní alátìlẹ́yìn yìí ló máa ń tẹ̀, tó sì máa ń kán. Lórí èyí ni họ́ọ̀bù tí ilé iṣẹ́ Shimano mú gbilẹ̀ láti 1978 fi gbé bíárìn náà súnmọ́ ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ oní-lẹ́fà, ọ̀pá 5 mm yẹn ló ń di ìdajì méjèèjì mú láìjẹ́ kí o fura. Ọjọ́ tí táyà bá jò, tí o ṣí lẹ́fà láti lẹ̀ ẹ́, ni ọ̀pá àárín máa jáde lọ́wọ́ rẹ ní abala méjì. Èyí tó tẹ̀ tí kò tíì kán, yí i lórí gíláàsì fèrèsé: bó bá ń fò sókè fò sílẹ̀, ra òmíràn.