Òkúta Aláwọ̀ Ewé Lórí Tábìlì Ọ̀mọ̀wé

Ó ti lé ní 1,000 ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà ti ń gbé òkúta sórí tábìlì ìkọ̀wé wọn. Ìtàn sọ pé Mi Fu, ọ̀mọ̀wé ayé ìjọba Song, forí balẹ̀ fún òkúta kan, ó sì pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Màlákáìtì wà lára irú òkúta bẹ́ẹ̀. Wọn a gbẹ́ ìjókòó igi fún un, ṣùgbọ́n òkúta fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe wà á nílẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Bàbà tí a fi ń ṣe wáyà iná ló sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé.

Ó pọ̀ ní Kóńgò, ó sì lè dé ilé tiwa náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra: eruku rẹ̀ léwu. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi mímu, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi í sẹ́nu. Ojú nìkan ni ká fi jẹ adùn rẹ̀.