Òkèhò: Ìlú Mọ́kànlá Lábẹ́ Orúkọ Kan

Òkèhò ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Kájọlà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a mọ ilẹ̀ Òkè-Ògùn mọ́, ìyẹn agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, tí ó gba Ṣakí kọjá títí dé Kìṣí, tí ó sì fi ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Dàhómì títí di ọdún 1975. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 200,997 ní gbogbo Kájọlà, lórí ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 609 níbùú-lóròó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Òkèhò nìkan ni ó wà níbẹ̀, nítorí Ìlerò, Ayétòrò-Òkè, Ìlùà àti Ìsẹ́mi-Ilé wà lára àwọn ìlú tí ó jọ ń jẹ́ Kájọlà. Ní ti òṣèlú, Ẹkùn Àríwá Ọ̀yọ́ ni Òkèhò ti ń dìbò yan sẹ́nétọ̀, ó sì wà ní ẹkùn ìdìbò kan náà pẹ̀lú Ìsẹ́yìn, Ìtẹ̀síwájú àti Ìwàjọwà fún yíyan aṣojú-ṣòfin.

Ohun tí ó mú kí ìlú yìí yẹ ní kíkọ sínú ìwé ju bí ó ti tóbi tàbí bí ó ti kéré lọ ni pé ìlú tí a fi ìpinnu kó jọ ni. Ìtàn àbáláyé so ìdásílẹ̀ rẹ̀ mọ́ Ìlaròó, níbi tí a gbà pé ọmọ ọba tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ti wá, oyè ọba tí ó sì ń jẹ níbẹ̀ títí di òní ni Onjò. Ṣùgbọ́n Òkèhò kan ṣoṣo kọ́ ni Òkèhò tí a ń rí lónìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń wó lọ, tí àwọn jagunjagun Fúlàní ń ti òkè bọ̀, tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì náà sì ń kó ènìyàn lẹ́rú ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìletò tí ó wà nítòsí rí i pé kò sí èyí tí ó lè dá dúró nínú wọn. Mẹ́wàá nínú wọn, àwọn bíi Ìsìà, Olele, Ìsẹ́mi, Ìmọ́ba, Gbọ́njẹ, Ògán, Bọ́dè, Pàmọ̀ àti Àlùbọ́, kó ara wọn lọ bá Onjò ní ibi tí òkè yí ká, èyí tí ó ṣòro fún ọ̀tá láti wọ̀, wọ́n sì di ìlú mọ́kànlá tí ń sùn lábẹ́ ààbò kan náà. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn: Kétu, ìlú ọba aládé tí ó wà níhà ìwọ̀-oòrùn wọn, ni Dàhómì pa run ní ọdún 1886.

A gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ bí ìparapọ̀ náà ti rí, nítorí ó yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú tí ogun ṣẹ́gun tí wọ́n sì sọ di ẹrú. Ìletò kọ̀ọ̀kan mú olórí rẹ̀, oyè rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀ dání wá, ó gba Onjò lọ́ba lórí gbogbo ìlú, ó sì di àdúgbò tí ń jẹ́ orúkọ tí ó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ Òkèhò títí di òní pé ọmọ èwo nínú mọ́kànlá ni.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó dán ètò yìí wò jù lọ. Lẹ́yìn tí Gómìnà Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní ọdún 1914, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ọba láti ṣàkóso ìlú, ó sì dá àwọn kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ní ẹkùn Ọ̀yọ́, Ọ̀gágun Ross, ajẹ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1931, gbé Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù (1911–1944) ga dé ibi pé àṣẹ Ọ̀yọ́ wá ń mú àwọn ìlú Òkè-Ògùn ní ọ̀nà tí kò gbà mú wọn rí. Àwọn adájọ́ kóòtù gba agbára tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn olórí àdúgbò àti olórí ẹbí, ó sì dun àwọn ará ìlú pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹnu àgbà parí tẹ́lẹ̀ di ohun tí a ń fi owó rò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde. Ní Òkèhò, àwọn tí ó dìde pa Onjò Olúkìtìbí, nítorí wọ́n kà á sí ẹni tí ó fi ara mọ́ ètò tuntun náà, ọwọ́ wọn sì tẹ àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù pẹ̀lú. Ìjọba rán ọmọ ogun wá, ó tẹ ìdìde náà rì, ó sì dájọ́ ikú fún àwọn kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. J. A. Àtàńdá, òpìtàn Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó kọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kíkún ní ọdún 1969, iṣẹ́ tí ó ṣe náà sì gba ìdìde yẹn lọ́wọ́ àwọn tí ì bá máa pè é ní ìwà jàǹdùkú lásán.

Ìyà tí ó kan gbogbo ìlú ni pé ìjọba kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú òkè mọ́, nítorí ibi tí ó ṣòro fún Dàhómì láti wọ̀ ṣòro fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní ọdún 1917, gbogbo mọ́kànlá kó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ìlú wà lónìí, wọ́n sì pín ara wọn sí àdúgbò bí wọ́n ti wà lókè. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ ni a ń pè ní Ahoro, ìyẹn ibùgbé àtijọ́ tí ènìyàn kò gbé mọ́. Ìlú ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìṣípòpadà yìí ní ọdún 2017. Ó yẹ kí àwọn awalẹ̀pìtàn lọ sí Ahoro kí igbó àti oko tó bo àmì ìpìlẹ̀ ilé tí ó kù, nítorí díẹ̀ ni ibi tí a ti lè fi ojú rí bí ìlú onímọ́kànlá ti jókòó kí òyìnbó tó dé.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ Òkèhò, ìyẹn ilẹ̀ koríko gígùn tí igi dúró káàkiri lórí rẹ̀. Òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ọyẹ́ sì ń fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí àti kajú ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn jù lọ, tábà sì ti fìgbà kan mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè náà. Èlùbọ́ ni ó gbé orúkọ Òkè-Ògùn dé Ìbàdàn àti Èkó. A ó bó iṣu, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná láìjẹ́ kí ó jinná, a ó fi í sínú omi náà di ọjọ́ kejì, a ó sì sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ di gbódo, èyí tí a ó wá lọ̀. Àwọn obìnrin ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ wọn jù lọ, wọn kì í sì í ṣeré pẹ̀lú ọyẹ́, nítorí òun ni ó ń mú gbódo gbẹ kí ó tó bu. Ọwọ́ wọn náà ni òrí wà, òróró tí a ń fún láti inú èso igi ẹmi tí ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọ̀dàn, àti irú, tí a ń fi èso igi igbá ṣe. Igi méjèèjì yìí kò yẹ ní gígé fún èédú, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ẹmi fi ń dàgbà kí ó tó so.

Ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Òkèhò wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ọ̀nkò, agbègbè yìí sì wà lára ibi tí ẹkún ìyàwó ti fìdí múlẹ̀ jù lọ, ìyẹn ewì tí ọmọbìnrin ń sun ní ọjọ́ tí yóò lọ sílé ọkọ, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, láti fi gba ìre wọn, àti láti fi sọ bí àyà rẹ̀ ti ń já. Nínú àwọn ọmọ ìlú tí ó gbé orúkọ rẹ̀ lọ sókè òkun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1991.

Ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ kò sí ní ẹnu ọ̀nà Òkèhò gan-an, nítorí ilẹ̀ Ìwàjọwà wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ó ń kan ayé ìlú. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ni ó gé Kétu àti Sábẹ̀ kúrò lára àwọn ìbátan wọn ní ìhà ìlà-oòrùn, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ oko ń ti òdìkejì wá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, ọjà náà sì ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ààlà orí ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn tí kò ṣe fàyàwọ́ rí jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Òkèhò yóò gba ojú ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, tí ó gùn tó kìlómítà 65 tí a sì tún ṣe ní àkókò Gómìnà Ṣèyí Mákindé, kí ó tó yà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn láti Ìsẹ́yìn. Títún ọ̀nà yìí ṣe jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí ó pẹ́ kí ó tó dé, nítorí iṣu kò ní sùúrù, ẹni tí ó bá sì ti rí iṣu ọdún kan tí ó jẹrà nínú ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀ yóò mọ ìdí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà ju ohunkóhun mìíràn lọ. Èyí tí ó kù ni àwọn ọ̀nà oko tí ó ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan wọ inú ilẹ̀ tí ó ń dá, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe é gbà fún ọkọ̀ nígbà òjò.