Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Rẹ́jísítà Ẹ̀rọ Nínú Kóró Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Òwe yìí ni a ó fi ṣe ìpìlẹ̀ àlàyé wa lórí ọ̀ràn kan tí ó jẹ mọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: bí a ṣe ń dáàbò bo ojú kan ṣoṣo tí ètò tí ó ju ẹyọ kan lọ ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni ọ̀ràn náà kàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ ọjọ́ sí ìwé ẹ̀rí, tàbí tí ó ń fi pa àkọsílẹ̀ owó mọ́, gbára lé e, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èkíní ni kóró. Bí kóró ti wà láàárín èso, bẹ́ẹ̀ ni apá kan wà ní ìjìnlẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ètò yòókù, tí ó sì dúró láàárín wọn àti ẹ̀rọ gan-an. Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní kernel. Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, jẹ́ ọ̀kan nínú irú kóró bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni atọ́kùn. Gbogbo wa mọ̀ pé eégún kì í dá jáde láìní atọ́kùn. Òun ni ó gbọ́ èdè eégún, òun ni ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ará ìlú. Bákan náà ni ètò kan wà nínú kóró fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí ó gbọ́ èdè ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kẹta ni rẹ́jísítà, èyí tí í ṣe àpótí kékeré lára ẹ̀rọ, tí atọ́kùn ń kọ àṣẹ sí, tí ó sì ń ka èsì nínú rẹ̀.

Aago Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí a mú aago inú kọ̀ǹpútà ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC AT jáde ní ọdún 1984, wọ́n fi ẹ̀rọ aago kékeré kan sínú rẹ̀, MC146818 tí ilé-iṣẹ́ Motorola ṣe. Bátìrì ni ó ń gbé aago náà ró, nítorí náà kì í dúró bí a bá tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà. Àpótí 64 ni ó wà nínú rẹ̀: 10 wà fún àkókò, ọjọ́ àti ìtanijí, 4 wà fún ìṣàkóso, 50 tí ó kù sì jẹ́ ibi ìpamọ́, tí kọ̀ǹpútà ń fi ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí. Ìṣẹ́jú àáyá wà nínú àpótí 0, ìṣẹ́jú wà nínú 2, wákàtí wà nínú 4, ọdún sì wà nínú 9.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà méjì péré ni a lè gbà dé ọ̀dọ̀ àpótí 64 wọ̀nyí. Nínú ìkàye onímẹ́rìndínlógún, nọ́ńbà wọn ni 70 àti 71. Atọ́kùn yóò kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà àpótí tí ó ń fẹ́ sí ẹnu ọ̀nà 70. Lẹ́yìn náà ni yóò ka ohun tí ó wà níbẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà 71, tàbí kí ó kọ tuntun sí i. Aago náà dà bí olùtọ́jú àká tí kì í rántí ju nọ́ńbà tí ó gbọ́ kẹ́yìn lọ, ẹni yòówù kí ó pè é.

Ibi Tí Ewu Wà

Àárín ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí gan-an ni ewu wà. Ká ní agogo méjì ọ̀sán ti lù, ó ku díẹ̀ kí ó di ààbọ̀: 14:25:07. Atọ́kùn kan fẹ́ mọ wákàtí, ó sì kọ 4 sí ẹnu ọ̀nà 70. Kí ó tó ka èsì, òmíràn já wọ inú iṣẹ́ náà, ó kọ 0, ó ka ìṣẹ́jú àáyá tí ó ń wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá padà wá ka ẹnu ọ̀nà 71, 7 ni yóò bá. Yóò kéde agogo méje òwúrọ̀ ní ọ̀sán, kò sì ní fura, nítorí wákàtí tí ó ṣeé gbà gbọ́ ni 7 jẹ́. Bí ó bá jẹ́ kíkọ ni, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí ó yẹ kí ó wọ àpótí ọdún lè bọ́ sínú àpótí ìpamọ́, kí kọ̀ǹpútà sì máa ráhùn nígbà tí a bá tún tan án pé ètò òun ti dàrú.

Ọ̀nà méjì ni ìjáwọlé yìí ń gbà wáyé. Lórí ọpọlọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ìpè pàjáwìrì lè dá atọ́kùn lọ́wọ́ kọ́ níbikíbi tí ó bá iṣẹ́ dé. Nínú kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, ètò méjì lè dé ẹnu ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má sì ṣe rò pé kíkà kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Inú àpótí ìṣàkóso C ni aago ń kọ ìdí ìpè pàjáwìrì rẹ̀ sí. Bí a bá ti kà á, gbogbo àmì ìpè inú rẹ̀ a parẹ́. Ẹni tí ó kà á láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kàn án ti jí ìròyìn ẹlòmíràn. Àpótí B ní ewu tirẹ̀. Bí ètò kan bá fẹ́ tan bíìtì ìtanijí, tí èkejì fẹ́ tan bíìtì mìíràn, tí àwọn méjèèjì sì ka iye àtijọ́ kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe, ẹni tí ó kọ kẹ́yìn yóò pa iṣẹ́ ẹni ìṣáájú rẹ́.

Àgádágodo Àti Òfin Rẹ̀

Ní ọdún 1965 ni Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tẹ ojútùú kan jáde fún irú ìṣòro yìí: kí ó má ṣe ju ẹyọ kan lọ tí yóò wà nínú apá eléwu lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú Linux, àgádágodo tí a ń pè ní rtc_lock ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà aago. Irú rẹ̀ ni spinlock: ẹni tí ó bá bá a ní títì kì í lọ sùn, ojú kan ni yóò wà tí yóò máa wò ó títí yóò fi ṣí. Atọ́kùn yóò fi spin_lock_irqsave tì í, yóò kọ nọ́ńbà, yóò ka èsì, yóò sì fi spin_unlock_irqrestore ṣí i.

Òfin mẹ́rin ni ó rọ̀ mọ́ ọn. Èkíní, ìgbésẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú títì kan náà. Ẹni tí ó tì í fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò tì í rárá. Èkejì, a gbọ́dọ̀ dí ìpè pàjáwìrì lórí ọpọlọ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó wá jẹ́ ìpè lè máa dúró de àgádágodo tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dá dúró. Kọ̀ǹpútà yóò dúró gbagidi, kò sì ní gbọ́ àṣẹ mọ́. Ẹ̀kẹta, a kì í pẹ́ nínú rẹ̀, a kì í sì í sùn sí i. Ẹ̀kẹrin, gbogbo ẹni tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ lo àgádágodo kan náà. Ìdí nìyí tí atọ́kùn ibi ìpamọ́ pẹ̀lú fi ń lo rtc_lock, bí kò tilẹ̀ bìkítà nípa aago.

Síbẹ̀, àgádágodo kò de aago fúnra rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ó ń yí àkókò rẹ̀ padà. Ó ní bíìtì kan nínú àpótí A tí ó fi ń kìlọ̀: bí ó bá wà ní 0, atọ́kùn ní ó kéré tán ìdá 244 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan láti fi kà á.

Òfin kẹrin ni ó jinlẹ̀ jù. Kò sí irin kan tí ó fi àgádágodo yìí dí ẹnu ọ̀nà 70. Ó dà bí màrìwò tí a ta sí ẹnu ọ̀nà igbó orò: kò ní apá tí yóò fi mú ẹnikẹ́ni, ọ̀wọ̀ tí gbogbo ará ìlú ní fún un ni agbára rẹ̀. Bí ẹyọ ẹnìkan bá rú u, gbogbo ìlú ni ó ṣí sílẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi atọ́kùn àti màrìwò là á yé àwọn ọmọ ilé-ìwé kò fi àlọ́ tan wọ́n jẹ. Iṣẹ́ náà gan-an ni ó ń kọ́ wọn, ní èdè tí wọ́n fi ń ronú.